Bí wàá ṣe fi oríkì ilé yín ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sígboro tẹ́ ẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi aṣọ wá a. Kó o tó ra nǹkankan, lọ bá àgbà ilé yín, fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kì ẹ́, má já lu ọ̀rọ̀ wọn o. Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ nǹkan tójú lè rí, ibẹ̀ lo máa mú. Tó o bá jẹ́ ọmọ Òpómúléró, ya òpó. Tó bá jẹ́ Ọ̀fà ni, ìjàkadì lorò wọn, ya èèyàn méjì tó ń gbé ara wọn jà. Báyẹn náà làwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn, nígbà tí Ọba George Karùn-ún sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n ya òun àtìyàwó ẹ̀ sáṣọ. Torí náà má rò pé àwọn àtijọ́ nìkan ló láṣẹ àtiya nǹkan tuntun.

Aṣọ òwú funfun ni kó o rà, yáàdì méjì ti tó, fọ̀ ọ́ kí ṣítáàṣì ara ẹ̀ kúrò. Po láfún mọ́mi, fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, máa rò ó lórí iná títí á fi ki, kó má sì ní kókó. Ẹ̀kọ tí kò ní jẹ́ kí aró mú ibi tó o bá yà nìyẹn. Ìyẹ́ adìẹ la fi ń yà á, ọwọ́ ìgbálẹ̀ sì dáa fún ìlà tín-ín-rín. Kọ́kọ́ fi ìlà pín aṣọ sí ojú ilé ojú ilé, kó o wá kó àwòrán sínú wọn, ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ náà péré lo máa yà, kó o sá a kó gbẹ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ aró wá ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń ta ẹlú, ìyẹn ewé tá a fi ń ṣe aró, tí wọ́n ti gún tí wọ́n ṣù lọ́jà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lábúlé, jọ̀ọ́ bá wọn wọgbó lọ já a, wàá rí i bí ewé tútù yẹn ṣe máa ń dúdú bó bá ṣe ń rọ. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n máa ń dà sínú ìkòkò tó níhò nídìí, wọ́n á da omi lé e lórí, èyí tó bá ń kán sílẹ̀ ni kó o fi rẹ ẹlú, bò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó kan. Wọ ìbọ̀wọ́ o, omi eérú máa ń jẹ ara. Rọra ri aṣọ bọ̀ ọ́, tó o bá yọ ọ́ á kọ́kọ́ rí bí ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú ẹ báyìí! Tún un rì, tún un yọ, títí tó fi máa dúdú tó bó o ṣe fẹ́, kó o jẹ́ kó gbẹ kó o tó ha ẹ̀kọ ara ẹ̀ kúrò.

Tó o bá fẹ́ ẹni tó máa fọwọ́ mú ẹ, ibi tí Ìyá Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ, dá sílẹ̀ l'Óṣogbo ń kọ́ èèyàn. Fọ aṣọ náà lọ́tọ̀, aró ẹlú máa ń ṣí, abẹ́ ibòji sì ni kó o sá a sí.