Bí ẹ ṣe lè fi Commodore 64 darí ẹ̀rọ tó ń rìn

Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe l'Ókè-Fìà, Òṣogbo níbí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú owó Arduino (pátákó kékeré tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ), bí Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, bá wà lórí àjà ilé bàbá yín, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọdún 1982 ni wọ́n gbé e jáde, síbẹ̀ ẹ lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo tan iná sí wáyà tàbí pa á.

Kí ẹ tó ki páwà rẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ fi mítà wò ó. Fóltì 5 ló yẹ kó mú wá. Tó bá ju 5.25 lọ, ẹ wá òmíràn, torí páwà tó ti gbó a máa jó àwọn IC (ẹ̀yà dúdú kéékèèké) inú kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ kọjú sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. User port, pọ́ọ̀tù tí a ó so wáyà mọ́, ló wà lápá ọ̀tún pátápátá, ẹsẹ̀ 24: 1 sí 12 lókè, A sí N nísàlẹ̀ (kò sí G, kò sí I). C, D, E, F, H, J, K, L ni wáyà mẹ́jọ tí a lè lò. Ẹsẹ̀ A jẹ́ ground (ẹnu òdì). Ẹsẹ̀ 2 ní fóltì 5. Ẹ má ṣe dé ibi 10 àti 11 rárá, fóltì 9 AC ló wà níbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ọmọṣẹ́ mi jà nìyí: ẹ má so motor mọ́ pọ́ọ̀tù yìí tààrà! Ẹsẹ̀ 2 kò lè fúnni ju 100 mA lọ, motor tó bá ń gbìyànjú láti gbéra á sì fa jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pàṣẹ ni pọ́ọ̀tù, kì í ṣe alárùú ọjà Ìgbọ̀nà. L293D, IC tó ń fún motor níná, ni kó ru ẹrù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju transistor lásán lọ, torí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, gbogbo wáyà pọ́ọ̀tù ló máa ń ní iná. Transistor á jẹ́ kí motor sáré kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ṣùgbọ́n bí ẹnu méjèèjì tó ń pàṣẹ fún motor kan lára L293D bá dọ́gba, motor á dúró.

C, D, E, F lọ sí ẹsẹ̀ 2, 7, 10, 15 ti L293D. Motor òsì wà ní 3 àti 6, ti ọ̀tún ní 11 àti 14. Ẹ fún 1, 9, 16 ní fóltì 5 láti ara pọ́ọ̀tù. Ẹnu rere bátìrì fóltì 6 lọ sí 8. 4, 5, 12, 13, ẹnu òdì bátìrì àti A, ẹ so gbogbo wọn pọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ìyẹn, kò ní ṣiṣẹ́. Motor inú DVD tó ti kú dára fún un.

Ẹ so súwíìsì kékeré kan sáàárín H àti A, kó wà níwájú ẹ̀rọ tó ń rìn náà, kó lè mọ̀ bó bá kọlu ògiri. Ẹ wá tẹ àwọn ìlà yìí sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ RUN:

10 POKE 56579,15
20 POKE 56577,5
30 IF (PEEK(56577) AND 16)<>0 THEN 30
40 POKE 56577,10
50 FOR T=1 TO 1000:NEXT
60 POKE 56577,6
70 FOR T=1 TO 500:NEXT
80 GOTO 20

15 ló sọ wáyà mẹ́rin àkọ́kọ́ di èyí tó ń pàṣẹ, mẹ́rin tó kù ń gbọ́. 5 ń lọ síwájú, 10 ń padà sẹ́yìn, 6 ń yí. Bó bá ń lọ sódì, ẹ pààrọ̀ wáyà motor, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀. 1000 ní ìlà 50 tó bí ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bọ́tìnnì RUN/STOP nìkan kì í dá motor dúró. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ṣì wà níbẹ̀, á sì máa sáré lọ sábẹ́ àga. Ẹ tẹ POKE 56577,0.