Bí Mo Ṣe Ń Gba Àkàndá Ẹ̀dá Síṣẹ́ Àdìrẹ

Àdìrẹ ni mò ń ṣe l'Ábẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ìtòkú. Ẹni 9 ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àkàndá: ọmọbìnrin adití kan, ìyá kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, àti bọ̀dá kan tí rọpárọsẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ ní kékeré, tó ń lo kẹ̀kẹ́. Adití ni mo kọ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má pe òun ní odi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti ṣìnà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ọmọbìnrin yìí, ìgbálẹ̀ ni mo kó lé e lọ́wọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, mo ń fún un lówó oúnjẹ lójoojúmọ́, mo sì rò pé àánú ni mò ń ṣe. Nígbà tó di oṣù kejì, kò wá mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé iṣẹ́ lòun wá ṣe, òun ò wá ṣagbe. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó padà.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ tú iṣẹ́ yín palẹ̀. Tiwa rèé: a óò gé aṣọ, a óò fi ìko dì í tàbí kí á fi fóòmù tẹ àbẹ́là gbígbóná sí i lára, a óò po aró, a óò pa á láró, a óò sá a sátẹ́gùn kó lè dúdú, a óò fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là, a óò lọ̀ ọ́, a óò ká a. Ẹni tí kò lè dúró lè dì aṣọ látàárọ̀ dalẹ́. Ojú ni aró sì ń fẹ́, etí ò bá a tan. Adití yẹn ló ń po aró wa báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá aró wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni náà fúnra rẹ̀, ẹ má bi ẹni tó mú un wá. Aṣọ kíká nìkan ni mo fẹ́ fún ìyá wa, ó ní dídì lòun fẹ́. Mo ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tẹ́ ẹ máa dì?" Ó ní kí n mú okùn wá. Ó ta kókó sí i ní ìka mẹ́rin-mẹ́rin, ó nà án lé aṣọ, ó ń fi àtàǹpàkò wá kókó kiri. Ibi tó bá ti kan kókó ló ti ń fa aṣọ sókè, tó ń fi ìko wé e. Nígbà tí a tú u lẹ́yìn aró, àwọn àmì róbótó bí òṣùpá kéékèèké tò bí eyín ọmọdé. Èmi tí mo ríran, tèmi kì í tò bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà wa ga ní íǹṣì 8. Bíríkìlà tó kọ́kọ́ wá ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà wọlé da kọnkéré kan tó dà bíi Olúmọ, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ bọ̀dá dojú dé. A fọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé bó bá ga ní íǹṣì 1, kó gùn ní íǹṣì 12. Tiwa wá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Ti tábìlì, ẹ wọn kẹ̀kẹ́ ná, kí orúnkún lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ pe adití, màá tan iná, màá pa á, lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló kọ́ wa lédè ọwọ́, ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀. "Gbóná" àti "dúró" la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àbẹ́là àti kọ́sítíìkì, ìyẹn kẹ́míkà tó ń jóni lára tí à ń lò fún aró. (Inú omi là ń da kọ́sítíìkì sí o, a kì í da omi lé e lórí.)

Tẹ́ ẹ bá ń wá òṣìṣẹ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn adití, tàbí kẹ́ ẹ bèèrè lọ́wọ́ JONAPWD, ẹgbẹ́ àwọn àkàndá. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2019 lórí ọ̀rọ̀ àkàndá ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba ní àkàndá tó ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn. Ìyẹn ò de oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má fi àìlera ara yan èèyàn nípọ̀sín.

Ó wá ku owó. Iye kan náà ni kẹ́ ẹ san lórí aṣọ kan náà, kó sì wọ àkáǹtì òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní báńkì kan, wọ́n ní kí ìyá wa lọ mú ọmọ rẹ̀ wá kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ìgbà mẹ́ta la lọ kí wọ́n tó jẹ́ kó tẹ̀ka.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ní kí n fi kún owó dídì, pé ìko ti wọ́n. Mo dá iye kan, ó ní ó kéré. A ṣì ń ná an.