Bí oníbàárà bá ráhùn: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa oníṣòwò

Ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ yín, tí ó padà wá wí pé ọjà náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, iṣẹ́ ni ó bá yín ṣe, kò sì gbowó. Àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kò wí nǹkan kan. Wọ́n kàn rọra wá ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ ni. Síbẹ̀, ojú ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń wo ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn aránṣọ, àwọn olóúnjẹ àti àwọn tí ń tajà lórí WhatsApp tí mo ń bá da nǹkan pọ̀, àwọn àṣìṣe kan wà tí mo ń rí lemọ́lemọ́. Owó wa ni wọ́n ń jẹ, a kì í sì í tètè mọ̀.

Ẹ má ṣe wí àwíjàre kí oníbàárà tó sọ̀rọ̀ tán

Èyí ni ó burú jù, òun náà ni ó sì pọ̀ jù. Obìnrin kan mú bùbá rẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó ní, "Ẹ wò ó, abẹ́ apá ń fún mi. Mi ò lè gbé ọwọ́ sókè wé gèlè." Kí ó tó dákẹ́, aránṣọ ti dáhùn: "Ẹ ti sanra díẹ̀ sí i ni, mà. Bí mo ṣe wọ̀n yín náà ni mo ṣe rán an." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó ká aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó lọ. Aránṣọ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán o. Aṣọ ẹbí tí obìnrin yẹn ì bá kó wá fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ohun tí ó ṣòfò níbẹ̀ ju owó aṣọ ẹbí lọ. Ká ní aránṣọ mú téèpù, ó tún abẹ́ apá náà wọ̀n, ó sì ṣí ìwé tí ó ń kọ ìwọ̀n sí, ó lè rí i pé ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ ni ó gé ihò apá náà kéré. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bùbá kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́. Gbogbo bùbá tí ọmọ náà ti gé ni ó ní àbùkù kan náà, àwọn tí ó ni wọ́n sì wà nílé tí wọ́n ń kùn. Àròyé kan péré ì bá ti tú àṣírí gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń ráhùn sọ ọ́ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í: "Níbo gan-an ni ó ti ń fún yín? Ìgbà wo ni ẹ kíyè sí i?" Kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, irú aṣọ, ibi tí ó ti fún un, ẹni tí ó gé e. Ìwé eléwé 40 tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ti tó. Bí oṣù bá parí, ẹ jókòó kà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti ń padà bọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ẹ má ṣe béèrè ìyìn

"Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?" Ta ni yóò sọ fún ìyá olóúnjẹ tí ó dàgbà jù ú lọ, lójú ara rẹ̀, pé ọbẹ̀ rẹ̀ níyọ̀ jù? Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́. Yóò ní, "Ó dùn, mà, ẹ kú iṣẹ́," yóò sì wá ibòmíràn jẹun lọ́la. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè dáhùn láìjẹ́ pé wọ́n rí yín fín: "Kí ni kí a fi kún un, kí ni kí a dín kù?" "Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kí oúnjẹ tó dé iwájú yín?" Bí ẹ bá mọ̀ pé ojú yín ń tì wọ́n, ẹ fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọn ò sí níwájú yín mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá pàápàá ti kó sínú ọ̀fìn ìbéèrè tí kò pé. Ṣáájú oṣù Kẹrin ọdún 1985, Coca-Cola fi ohun mímu tuntun kan tí ó dùn ju ti àtijọ́ lọ tọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́nu wò. Àwọn tí ó tọ́ ọ wò súnmọ́ 200,000, púpọ̀ nínú wọn sì ní tuntun ni àwọn fẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, ilé iṣẹ́ náà kéde pé òun ti yí ohun mímu náà padà. Ni ariwo bá sọ. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹfà, ìpè tí ń wọlé sí wọn lójúmọ́ ti tó 1,500. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, lẹ́yìn ọjọ́ 79, wọ́n kéde pé àwọn ń dá ti àtijọ́ padà. Àwọn tí ó tọ́ ọ wò kò purọ́. Èyí tí ó dùn jù ni wọ́n bi wọ́n, òun náà ni wọ́n sì dáhùn. Bí yóò ṣe rí lára wọn bí èyí tí wọ́n ti ń mu láti kékeré kò bá sí mọ́, ìyẹn kò hàn nínú ìtọ́wò náà.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí ó sọ̀rọ̀ nìkan ni ó ní nǹkan sọ

Ní búkà, ọmọ tí ń fọ abọ́ lè mọ̀ ju ọ̀gá lọ. Òun ni ó ń rí i pé ṣàkì ń padà wá láìjẹ, pé àwọn ènìyàn ń jẹ àmàlà tán ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ àwo. A kì í sì í bi í. Bákan náà ni ọmọ tí ń fi ọ̀kadà gbé ọjà: òun ni oníbàárà kọ́kọ́ ń sọ fún pé ọ̀rá ya, pé àwọ̀ bàtà yìí kọ́ ni òun rí lórí fóònù. Ẹ máa bi àwọn ọmọ wọ̀nyí lálaalẹ́, ẹ má sì bá wọn jà nítorí ohun tí wọ́n bá sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní sọ òmíràn.

Ẹ tún wo àwọn tí kò wá mọ́. Ẹni tí ó máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, tí ẹ ò rí fún oṣù méjì, ẹ pè é. Ẹ má fi ìpolówó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè àlàáfíà ilé, kí ẹ tó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ má ṣe tẹ̀ lé gbogbo ohun tí gbogbo ènìyàn bá wí

Oníbàárà kan ní ata pọ̀, ẹ dín in kù; òmíràn ní ọbẹ̀ ti tẹ́ jù, ẹ tún fi kún un. Kò ní pẹ́ tí ẹni tí ó ń wá nítorí ọbẹ̀ yín kò ní mọ èyí tí yóò bá mọ́. Lójú tèmi, ẹ ní láti ya ohun tí ó jẹ́ àbùkù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó kàn jẹ́ ìfẹ́ inú ẹnìkan. Òkúta nínú ẹ̀wà, irun nínú ọbẹ̀, owó tí ẹ̀rọ POS yọ lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ tí ẹ ṣèlérí fún Ọjọ́bọ̀ tí kò jáde títí di ọjọ́ Àìkú: bí ẹnìkan ṣoṣo bá ti sọ irú èyí, ẹ má dúró de ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ní ti ata, ní ti orin tí ẹ ń gbé sí i, ní ti àwọ̀ àpò tí ẹ fi ń di ọjà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná, kí ẹ wò ó bóyá àwọn tí ń wá déédéé ni ó ń sọ ọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ń pariwo jù kò tíì rajà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn àṣìṣe kan tún wà tí kò gba àlàyé gígùn

Ẹ yé fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀dínwó kí wọ́n lè fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí Google. Google fúnra rẹ̀ kò gbà á láyè, ẹ̀yin náà kò sì ní rí ohun tí ẹ máa fi tún iṣẹ́ yín ṣe nínú rẹ̀.

Ẹ yé gbé ọ̀rọ̀ tí oníbàárà bá yín sọ ní kọ̀rọ̀ sórí status, tí orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ ń hàn, yálà ẹ fẹ́ fi yangàn ni o, ẹ fẹ́ fi í ṣẹ̀sín ni o. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ń dáàbò bo orúkọ àti nọ́ńbà yẹn. Àwọn tí ń wo status yín náà yóò sì ti mọ̀ pé bí àwọn bá ráhùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn yóò já sí.

Kí ẹ sì já ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri pé "A kì í gba ọjà padà, a kì í dá owó padà." Òfin ọdún 2018 tí ó dá FCCPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tí ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà. Yàtọ̀ sí ti òfin, ṣe ni ìwé yẹn ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá rí àbùkù, kí wọ́n má wulẹ̀ wá sọ ọ́ fún yín.

Ẹ má ṣe tún nǹkan ṣe kí ẹ dákẹ́

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń gbọ́ àròyé, wọ́n ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kò mọ̀ rárá. Ẹ pè é: "Mà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọjà ń pẹ́ kó tó dé Ìkòròdú. Àárọ̀ kùtù la ti ń gbé ti Ìkòròdú jáde báyìí. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa." Bí ohun tí wọ́n ń fẹ́ bá kọjá agbára yín, ẹ sọ ìyẹn náà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń wádìí rẹ̀, tí ẹ ní "a máa pè yín padà", ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àròyé yẹn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.