Ẹ Má Pín Plọ́ọ̀tì Kí Ẹ Tó Mọ Ọ̀nà Omi: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ètò Àdúgbò Tuntun

Ilé kọ̀ọ̀kan lè dára kí àdúgbò má ṣeé gbé. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n ti pín ilẹ̀ tán kí wọ́n tó ronú kan omi, oòrùn àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n to plọ́ọ̀tì sójú àgbàrá. Kí awọnlẹ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán tó fi ibi gíga àti ibi tó rẹlẹ̀ hàn. Ibi tó rẹlẹ̀ jù, ẹ má tà á. Igi àti pápá ìṣeré ni kó wà níbẹ̀. Ẹ ṣírò òjò pẹ̀lú: mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 níbùú lóòró, lítà omi 1 ni. Òrùlé mítà 15 sí 10 á da lítà 7,500 sílẹ̀ bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀. Ilé 100 á da 750,000. Bí gbogbo àgbàlá bá tún jẹ́ kọnkéré, gọ́tà wo ló máa gbà á? Ẹ fi koríko àti kòtò tí kò jìn, tí omi lè dúró sí kó máa rọra wọlẹ̀, sáàárín ilé. Kí ìsàlẹ̀ gọ́tà náà máa rẹlẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, tó ìdajì mítà, ó kéré tán, láàárín mítà 100, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yanrìn á kún inú rẹ̀.

Kànga àti sọ́kàwéè, ìyẹn ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ti ń wọlẹ̀, ńkọ́? Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín wọn. Lórí plọ́ọ̀tì mítà 15 sí 30, onílé kan kò lè dá èyí ṣe: bó sá fún sọ́kàwéè tirẹ̀, ti aládùúgbò ń bẹ lẹ́yìn ògiri. Kànga jíjìn kan fún gbogbo ilé, níbi tó ga, ló bójú mu. Ẹ dán ilẹ̀ wò kí ẹ tó pinnu: ẹ gbẹ́ ihò dé ibi tí ìsàlẹ̀ sọ́kàwéè máa dé, ẹ pọnmi kún un kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún bu omi sí i, kí ẹ wọn bó ṣe lọ sílẹ̀ tó ní wákàtí kan. Bí omi kò bá kúrò lójú kan, bó ti wù kí sọ́kàwéè tóbi tó, yóò kún àkúnya.

Ìlà títì ló ń pinnu ibi tí fèrèsé ń kọjú sí. Níbi tí ooru ti ń mú, kí títì gba ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí iwájú àti ẹ̀yìn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ìdí ni pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń rẹlẹ̀ lójú ọ̀run, ó sì máa ń wọlé tààrà láti ìwọ̀ oòrùn; òrùlé tó yọ síta kò lè dí i.

Ẹ má jẹ́ kí ilé tò lọ ní mítà 300 láìsí ọ̀nà àbùjá; ẹ dá a ní bíi mítà 100. Ẹ ri páìpù kí ẹ tó da ọ̀dà, kí ẹ sì fi páìpù òfìfo kan gba abẹ́ títì kọjá, torí wáyà tuntun kì í tán.

Ẹni tí yóò máa kó yanrìn gọ́tà àti iye tí onílé kọ̀ọ̀kan máa dá, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó ta plọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti rà á tán, ó máa ń ṣòro kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan.