Stent inú ọ̀nà ìtọ̀: ta ló ń ṣọ́ ọjọ́ tó yẹ kó jáde?

Ìbéèrè: Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ òkúta inú kíndìnrín fún bàbá wa níbí n'Ìbàdàn. Mo rí i nínú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ pé wọ́n fi stent, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ ráyè ṣàn, sí wọn lára. Bàbá ní wọ́n ti yọ rọ́bà náà kí àwọn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà mìíràn ni Bàbá ń sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n kì bọ ojú ara, tó so mọ́ báàgì ìtọ̀, gbogbo ilé ló ń rí i. Orí bẹ́ẹ̀dì ni nọ́ọ̀sì ti ń yọ ọ́, aláìsàn á sì dúpẹ́ pé ó tán. Stent ò rí bẹ́ẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ló wà, láti kíndìnrín títí dé àpò ìtọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 22 sí 28, orí rẹ̀ méjèèjì sì ká kó má bàa yẹ̀. Láti ọdún 1978 tí Finney, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé irú èyí tó ká lókè lódò yìí ni wọ́n ti ń lò ó káàkiri. Kíká yẹn náà ni kì í jẹ́ kó dá jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ gbé Bàbá padà lọ sí ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n ya X-ray ikùn. Bí stent bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ óò rí ìlà funfun kan tó ká lókè ní ìhà kíndìnrín, tó tún ká nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti pọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ òkúta, ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń fi í sílẹ̀, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kò sì yẹ kó ju oṣù mẹ́ta lọ láìyọ tàbí láìpààrọ̀.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí rárá. Iyọ̀ inú ìtọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ stent díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òkúta lára rẹ̀, ẹni tó sì ti ní òkúta tẹ́lẹ̀ ló tètè máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, àti aláboyún. Ọ̀nà ìtọ̀ lè dí pátápátá, kíndìnrín náà á sì máa kú lọ láìpariwo. Èyí tí wọn ì bá fi kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ àti jẹ́lì tó ń mú ibẹ̀ kú yọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á wá di ọ̀rọ̀ tíátà, oorun abẹ àti fífọ́ òkúta.

Ìbéèrè: Èmi náà ní stent, tèmi ṣì wà lára. Mò ń tọ̀ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àti kí ẹ̀gbẹ́ máa ro yín bí ẹ bá ń tọ̀. Ẹ máa mu omi dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ibà pẹ̀lú òtútù bá mú yín, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì, bí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ bá ń dùn yín kọjá àfaradà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìgboro. A ní ìwé tí a ń kọ stent sí, síbẹ̀ àwọn aláìsàn ṣì ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ló kù tí a ò ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń ka ìwé yẹn. Ìwé tí gbogbo èèyàn ń kọ nǹkan sí, tí a kò fà lé ẹnì kan pàtó lọ́wọ́, inú dúrọ́ọ̀ ló máa wà. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣí i ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí yóò wo àwọn tí ọjọ́ wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ àtàwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá. Bó bá ń lọ fún ìsinmi, kó fi í lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kó tó lọ.

Inú tíátà ni kí ẹ ti kọ ọ́: orúkọ, ọjọ́ tí ẹ fi stent sí i, ọ̀tún tàbí òsì, àti ọjọ́ gan-an tí yóò jáde. "Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà" kì í ṣe ọjọ́. Bí stent bá jẹ́ méjì, ìlà méjì ni. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé èèyàn lè yọ tọ̀tún, kó fagi lé orúkọ náà, kí tòsì ṣì wà nínú ara. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan, ẹ pa ìlà ti àtijọ́ dé, kí ẹ sì ṣí tuntun. Ẹni tó bá yọ ọ́ nìkan ni kó pa ìlà dé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Pé aláìsàn ní òun ti yọ ọ́ níbòmíì kò tó, ẹ béèrè ìwé tàbí X-ray.

Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, kí ẹ sì pe méjèèjì kí aláìsàn tó kúrò níwájú yín. Ní Bẹẹrẹ, Òjé àti àyíká wọn, orúkọ agboolé wúlò ju nọ́ńbà ilé lọ, nítorí náà ẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá ti Ṣakí tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá. Bí ẹlòmíì bá gbé fóònù, ẹ má sọ àìsàn aláìsàn fún un. Ẹ kàn ní ilé ìwòsàn ń wá wọn. Kọ̀ǹpútà lè sọ ọjọ́ tó ti kọjá di pupa, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n èèyàn ló ṣì máa pe aláìsàn.

Ìbéèrè: Bí owó yíyọ rẹ̀ kò bá sí ńkọ́, tàbí tí wọ́n bá wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi í sí ara ló yẹ kí wọ́n ti sọ iye tí yíyọ rẹ̀ máa jẹ́, kí ẹbí lè máa tu ú jọ. Bí owó kò bá pé, ẹ lọ sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì béèrè ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ìrànwọ́ aláìsàn; ẹ má jókòó sílé nítorí ìtìjú. Bó bá jẹ́ ìyanṣẹ́lódì, ẹ mú ìwé ìdásílẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó ní dókítà ọ̀nà ìtọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́ níbẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè pa ìlà yín dé.