Bí Oníbàárà Tí Kò Mọ Orúkọ Yín Ṣe Lè Rí Yín Lórí Google

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wẹ́bùsáìtì mi dé òkè Google." Bí àwọn oníṣòwò ṣe máa ń wí nìyẹn tí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, ní Ìlọrin. Èmi náà á ní kí wọ́n mú fóònù wọn jáde, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń wá a hàn mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orúkọ iléeṣẹ́ ara wọn ni gbogbo wọn máa ń tẹ̀. Á jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ orúkọ yín, oníbàárà yín ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tí à ń wá ni ẹni tó jókòó sí Àbújá tàbí Ọ̀ffà, tí kò gbọ́ orúkọ yín rí, tó kàn tẹ "aso oke in Ilorin" tàbí "who repairs inverter in Tanke".

Torí náà, ẹ má fi fóònù ara yín nìkan dán ara yín wò. Google mọ ibi tí ẹ wà, ó sì lè mọ ohun tí ẹ máa ń ṣí. Incognito inú Chrome, ìyẹn ojú-ìwé àdáni tí kì í lo ohun tí ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀, lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í fi ibi tí ẹ wà pamọ́. Ẹ ní kí àbúrò yín tó wà ní Ọ̀mù-Àrán bá yín tẹ̀ ẹ́, kí ó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Bí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiyín, tirẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ṣé Google tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà?

Google kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kiri nígbà tí èèyàn bá béèrè nǹkan. Ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Googlebot, tó ń ti orí líǹkì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń ka ojú-ìwé, tó sì ń kó ohun tó kà lọ sínú àkójọ ńlá kan. Inú àkójọ yẹn ló ti ń mú ìdáhùn jáde. Bí ojú-ìwé yín kò bá sí níbẹ̀, kò tíì sí ipò tí à ń jà lé lórí.

Láti mọ̀, ẹ tẹ site: sínú Google, kí ẹ kọ àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì yín tẹ̀ lé e láìfi àyè sílẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá jáde, ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá fún mi, WordPress ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́bùsáìtì. Ibi tí mo sì kọ́kọ́ máa ń lọ ni Settings, kí n wọ Reading, kí n wo àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Ọmọ tó bá wọn ṣe é máa ń fi àmì síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ó gba owó rẹ̀ tán, ó lọ ṣe agùnbánirọ̀, kò rántí yọ ọ́ mọ́. Ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi bí òun ṣe rí wẹ́bùsáìtì han ẹni tó ni ín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin lẹ ni wẹ́bùsáìtì náà, ẹ óò sì fún un ní àdírẹ́sì sitemap yín, ìyẹn fáìlì tó to àwọn ojú-ìwé yín lẹ́sẹẹsẹ. Láti ẹ̀dà 5.5 tó jáde ní 2020 ni WordPress ti ń ṣe sitemap fúnra rẹ̀. Ẹ fi /wp-sitemap.xml kún ẹ̀yìn àdírẹ́sì yín, ẹ óò rí i. Ojú-ìwé tuntun tí ẹ bá ń kánjú lé lórí, ẹ gbé àdírẹ́sì rẹ̀ sí URL Inspection inú Search Console, kí ẹ tẹ Request Indexing. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kì í mú un yá.

Inú WhatsApp yín ni ọ̀rọ̀ náà wà

Ibí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni owó wà. Àlàájà kan tó ń ta aṣọ òkè ní apá Ọjà Ọba gbé wẹ́bùsáìtì rẹ̀ wá. Ó dára lójú, àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ àlùkò ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àkọlé ojú-ìwé àkọ́kọ́ ni "Home". Ohun tó tẹ̀ lé e ni "Welcome to a world of elegance". Ẹ wá sọ fún mi, ta ló máa ń jí láàárọ̀ tí á tẹ "world of elegance" sínú Google nítorí pé ó fẹ́ ra gèlè?

Mo ní, "Àlàájà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká jọ ka WhatsApp yín." Ohun táwọn èèyàn ń béèrè níbẹ̀ kò yí padà láti oṣù dé oṣù. Èló ni aṣọ òkè ọkọ àti ìyàwó? Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi hun ún? Ṣé ẹ lè fi í ránṣẹ́ sí Àbújá? Ṣé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́? Báwo ni mo ṣe máa dá sányán gidi mọ̀? Mo ní kó sọ ìdáhùn rẹ̀ sínú fóònù bó ṣe ń sọ ọ́ fún oníbàárà gan-an, mo dà á kọ, ìbéèrè tó bá nípọn sì gba ojú-ìwé tirẹ̀.

Ojú-ìwé sányán ló dùn mọ́ mi jù. Àlàájà ṣàlàyé pé ara ilé tí kòkòrò inú igbó kan ń ṣe ni wọ́n ti ń rí òwú sányán, àti pé àwọ̀ búráùn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ rẹ̀, bó ṣe wá láti inú igbó nìyẹn. Àlàárì ló pupa. Ẹtù ló dúdú, aró ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ ojú abẹ níkòó pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní sányán lọ́jà báyìí, òwú lásán tí wọ́n pa láró ni, ó sì ya àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ ni Google ń wá, torí ẹni tó bá kà á kò tún ní padà sẹ́yìn lọ wá ìdáhùn níbòmíràn. Wọ́n máa ń bi mí bóyá AI, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, lè bá wọn kọ ọ́. Google kò ní kí ẹ má lò ó. Ohun tí òfin rẹ̀ kọ̀ ni kí èèyàn kó ojú-ìwé rẹpẹtẹ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni jọ nítorí ipò. Ṣùgbọ́n AI kò fọwọ́ kan sányán rí, Àlàájà ti fọwọ́ kàn án láti kékeré.

Bí WhatsApp yín bá dákẹ́ torí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ọjà yín sínú Google láìtíì tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ wo ohun tó fi ń parí rẹ̀ fún yín. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń wá nìyẹn.

Àkọlé ojú-ìwé, ìyẹn ìlà tó máa ń hàn gàdàgbà nínú èsì, kí ó sọ ọjà, kí ó sọ ibi: "Aso Oke for Bride and Groom in Ilorin: Prices and Weaving Time". Kí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àlàyé kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í gbé yín gòkè, àmọ́ òun ló lè mú kí èèyàn tẹ tiyín dípò ti ẹni tó wà lókè yín. Google sì lè pa ohun tí ẹ kọ tì, kó fa gbólóhùn mìíràn yọ nínú ojú-ìwé náà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ní ti meta keywords, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú kóòdù ojú-ìwé, bí ẹnikẹ́ni bá gba owó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, ẹ lọ gbà á padà. Google ti sọ láti 2009 pé òun kì í fi ṣe nǹkan kan.

Àmì orí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Oníbàárà kì í fi sí i. "Aso oke", "asooke", "aso ofi", bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Google máa ń gbìyànjú láti mọ̀ pé ohun kan náà ni, àmọ́ mi ò fẹ́ fi ọjà ọlọ́jà ta tẹ́tẹ́. Nínú àkọlé, mo máa ń kọ ọ́ bí oníbàárà ṣe ń kọ ọ́. Nínú ara ọ̀rọ̀, mo máa ń kọ Yorùbá tí àmì rẹ̀ pé. Àdírẹ́sì ojú-ìwé ni kí ẹ má fi àmì sí rárá: /aso-oke-iyawo ti tó. Bí ẹ bá fi lẹ́tà "ọ" síbẹ̀, ẹni tó bá dà á kọ sórí WhatsApp lè rí i kí ó di %E1%BB%8D, oníbàárà á sì rò pé àwọn gbájúẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Ẹ má sì tún "aso oke Ilorin" kọ ní gbogbo ìlà. Ìyẹn wà lára ohun tí Google fi ń já èèyàn wálẹ̀.

Máàpù lè ṣe yín lóore ju wẹ́bùsáìtì lọ

Bó bá jẹ́ ohun tí èèyàn ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbà lẹ ń tà, ẹ kọ́kọ́ ṣe Google Business Profile, ìyẹn àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín tó ń hàn lórí máàpù Google, kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun. Òun náà ọ̀fẹ́ ni. Ohun mẹ́ta ni Google sọ pé òun ń wò níbẹ̀: bóyá ohun tí ẹ ń ṣe bá ohun tí wọ́n béèrè mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tó béèrè, àti bí òkìkí yín ṣe kàn tó. Ẹ ò lè gbé ṣọ́ọ̀bù yín sún mọ́ ẹni tó wà ní Geri Alimi, torí náà méjì yòókù ni iṣẹ́ yín.

Ẹ gbé àmì máàpù lé orí ṣọ́ọ̀bù gan-an, torí irú àdírẹ́sì tiwa, "lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ojúlé kejì sí onígáàsì", kò yé ẹ̀rọ. Wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ ya fídíò láti fi mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ wà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti títì, kí pátákó yín hàn, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ara yín ṣí ilẹ̀kùn. Orúkọ tó wà lórí pátákó náà ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di "Best Cheap Aso Oke Ilorin Kwara", wọ́n lè dá a dúró.

Àkókò tí ẹ ń ṣí, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ẹ bá ń tìlẹ̀kùn lọ kírun Jímọ́ọ̀, ẹ pín ọjọ́ yẹn sí méjì, ó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà ààwẹ̀ àti ọdún Iléyá. Ẹni tó bá ti Ganmo wá bá ilẹ̀kùn títì, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi gbẹ̀san. Ẹ máa bẹ oníbàárà kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀dínwó tàbí owó rà á, ó lòdì sí òfin. Ẹ dá gbogbo wọn lóhùn, tó fi mọ́ ẹni tó bú yín, torí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa kà á.

Fóònù àti àwòrán

Ojú fóònù ni Google fi ń ka wẹ́bùsáìtì báyìí, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tó sábà ń dí wa lọ́wọ́ ni àwòrán tí wọ́n gbé tààrà láti inú kámẹ́rà láìdín in kù. Ẹ dín in kù, ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, kí ẹ sì kọ ohun tó jẹ́ sí àyè alt rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé àwòrán. "Gèlè àlàárì pupa" sàn ju IMG_2031 lọ. Ẹ gbé àdírẹ́sì yín sí PageSpeed Insights, ohun tí Google fi ń wọn bí ojú-ìwé ṣe yára tó. Ohun tí Google kà sí dáadáa ni kí ohun tó tóbi jù lójú-ìwé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ rí i pé https ló bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì yín, àjọ Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ààbò tó nílò lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ má lo oṣù kan lórí ìyára. Ojú-ìwé tí kò dáhùn ìbéèrè kankan, bó bá yára bí ìjì, òfìfo ṣì ni.

Líǹkì, àti àwọn tó ń tà á

Bí ẹ bá dé ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, tí èèyàn mẹ́ta tí wọn ò mọ ara wọn ní kí ẹ lọ bá ìyá kan náà fún wàrà, ẹ óò gbà pé wàrà rẹ̀ dáa. Èrò tí Larry Page àti Sergey Brin fi dá Google sílẹ̀ ní 1998 kò jìnnà sí èyí: líǹkì tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn dà bí ẹ̀rí. Àwọn kan wá sọ ẹ̀rí náà di ọjà. Láti 2012 tí Google ti gbé ètò tó pè ní Penguin jáde ló ti ń lé líǹkì tí wọ́n rà, ẹni tó bá sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín pé òun ní ẹgbẹ̀rún líǹkì fún tà, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ wá tiyín lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Ayàwòrán tó ya ìgbéyàwó tí wọ́n fi aṣọ yín ṣe, alága ìdúró tó ní wẹ́bùsáìtì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín tó ń gbé ìròyìn ayẹyẹ ọdọọdún sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ yín, kí wọ́n sì so líǹkì mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ṣèlérí ipò kìíní fún yín, Google fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tí ẹ san owó fún kì í sì í gbé èsì ọ̀fẹ́ yín gòkè. Àyè tiwọn lọ́tọ̀ ni. Bí ẹ bá tilẹ̀ gba ẹni tó mọ iṣẹ́, Google ní oṣù mẹ́rin sí ọdún kan ló sábà ń gbà kí èrè rẹ̀ tó hàn.

Ní òpin oṣù, ẹ padà sínú Search Console, kí ẹ ṣí Performance. Ó máa ń to ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí ẹ tó hàn sí wọn, iye ìgbà tí ẹ hàn, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ yín, àti ipò yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ipò yín lórí rẹ̀ wà láàárín 8 sí 20. Google ti rò pé ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò kàn tíì dá a lójú ni. Ẹ padà sí ojú-ìwé yẹn, ẹ fi iye owó, àwòrán àti ìdáhùn tó kù kún un. Ẹ tún wá ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ní ojú-ìwé fún rárá. Lọ́dọ̀ Àlàájà, "aso oke for rent" ló ń jáde ṣáá. Ó fárí gá: òun kì í yáni láṣọ, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kọ ojú-ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ó sì fi gèlè tó rọjú jù nínú ọjà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú iye owó.