Ẹ Mọ Èèrà Tó Ń Ṣọ́ Igi Yín Kí Ẹ Tó Fín Oògùn

Lóko kajú ní Kábà, Ìjùmú àti Yàgbà, bí èèrà bá ti bu ènìyàn jẹ, oògùn ló kù tí yóò fín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo irú èèrà tó jẹ́.

Èyí tí à ń sọ ni èèrà pupa ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rán ewé tútù pọ̀ fi ṣe ilé. Ẹ tẹjú mọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́: àwọn kan á fi ẹnu fa etí ewé méjì mọ́ra, àwọn mìíràn á gbé ọmọ wọn funfun dání, wọn á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín ewé méjèèjì. Ẹnu ọmọ náà ni òwú ti ń jáde. Kòkòrò tó ń fa omi ara ọ̀mùnú àti òdòdó kajú, tí wọ́n fi ń dúdú bí ohun tí iná rà, ni èèrà yìí ń lé. Oògùn tí ẹ bá fín á pa ẹ̀ṣọ́ yìí náà; kòkòrò tó bá tún fò wá láti oko ẹlòmíràn kò ní rí ẹni lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sórí igi mìíràn, ìdájí ni kí ẹ gé ilé wọn sínú àpò. Ẹ gé púpọ̀ lórí igi kan náà, nítorí ilé kan ṣoṣo ni ìyá wọn wà. Bí kò bá bá wọn lọ, wọn á tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da ti igi méjì pọ̀ láìdán an wò. Ẹ fi mélòó kan sórí igi kejì: bí wọ́n bá dìjà, ìyá wọn yàtọ̀, ẹ gé ẹ̀ka tó so igi méjèèjì pọ̀. Bí ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ ta okùn láti igi dé igi kí wọ́n lè máa rìn. Ẹ ro abẹ́ igi kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà jó wọn.

Lórí ọsàn, labalábá ńlá dúdú alámì ìyeyè máa ń yé ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ewé tuntun. Ọmọ rẹ̀ kékeré jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Bó bá dàgbà, á ní àwọ̀ ewé tútù, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo méjì olóòórùn lẹ́yìn orí. Èèrà pupa ń gbé àwọn kékeré jẹ. Igi ńlá kò ní kú torí ọmọ labalábá yìí, ṣùgbọ́n méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ ewé ọsàn kékeré tán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ṣa wọ́n sínú omi ọṣẹ.

Ti ẹ̀wà yàtọ̀. Labalábá kékeré aláwọ̀ aró kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú òdòdó àti èèpo ẹ̀wà. Omi dídùn ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, èèrà ń lá a, ó sì ń ṣọ́ ọ kí ọ̀tá má baà pa á. Níbi tí èèrà bá ti ń wọ́ lọ sí òdòdó kan, ẹ já a, ẹ là á wò. Bí kò bá sí nǹkan, omi dídùn ara ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá lá.

Nígbà ìkórè, kajú tó bá jábọ́ ni kí ẹ ṣà, ẹ má gun igi. Bí ẹ bá ń ká ọsàn, ẹ fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ sì dé fìlà, nítorí omi kíkan tí èèrà ń tú sílẹ̀ máa ń ta lójú.